Bàbá Àgbà Tó Mọ Ọ̀nà Tí Ìmọ̀ràn Ń Gbà Dé Etí Ọ̀gá

Bàbá Àgbà, bàbá tó bí Mọ́mì mi, kú ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeé kan ní ilé ìwòsàn kan ní Dublin, lẹ́yìn tó ti fi bí ìdajì wákàtí ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì bó ṣe yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá dókítà àgbà. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin kan tó ti Ìbàdàn wá lọ́dún tó kọjá, ń ráhùn pé dókítà kì í fetí sí òun lórí oògùn aláìsàn kan. Bàbá ní, "Má sọ fún un pé ó ṣe àṣìṣe. Bi í pé ṣé kó o kọ oògùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kó lè fọwọ́ sí i. Fúnra rẹ̀ ló máa tún un wò." Ọmọ náà lọ. Nígbà tó fi máa padà wá, Bàbá ti sùn lọ, oorun tí kò jí mọ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé òun dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀, òun sì jíṣẹ́ fún un bákan náà: "Ó ṣiṣẹ́, sà."

Mi ò fẹ́ ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn ti wà nínú ìwé tí a pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ewé mẹ́rin, pẹ̀lú fọ́tò tó ti wọ kóòtù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ká ní ó rí i ni, á ní ojú ewé mẹ́rin ti pọ̀ jù, pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun, kó kọ ojú ewé kan, kó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀gá láti kọ nǹkan sí. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mi ò tíì rí irú rẹ̀.

Ẹnjiníà omi ni. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ìjọba ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì: ìsédò tó ń dá omi dúró, gọ́tà, afárá, ibi tí àgbàrá máa gbà. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìjọba rán an lọ sí Ṣáínà fún ọdún méjì kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kápá odò ńlá. Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kó bọ̀ tó sì ń sọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ odò. Ọ̀rọ̀ bí ìmọ̀ràn ṣe ń ti ọwọ́ ọ̀mọ̀wé dé ọwọ́ àwọn tó wà lókè pátápátá ni. Nígbà tí ìyá àgbà mi kú, ó wá bá wa gbé ní Ongar, àdúgbò kan ní Dublin, èmi àti Mọ́mì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ó gbé báàgì méjì àti fíláàsìkì omi gbígbóná kan wọlé, kí ọ̀sẹ̀ yẹn sì tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín ló kọ́ ọ ní Ṣáínà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń mu omi gbígbóná bí ẹni ń mu ẹmu. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí rí i pé bèbè odò kan fẹ́ ya. Ó kọ ọgọ́ta ojú ewé nípa rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á. Wọ́n gé e sí ogún, ó há sí ọ́fíìsì kan. Wọ́n tún gé e sí méjì, wọ́n yọ gbogbo ìṣirò kúrò, wọ́n fi í sínú irú ìwé ìròyìn kan tí wọn kì í tà lọ́jà, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún. Síbẹ̀, ìwé tó wà lórí tábìlì ọ̀gá pọ̀ bí òkìtì ilẹ̀. Akọ̀wé ọ̀gá ló ń yan èyí tó máa wà lókè àti èyí tó máa wà nísàlẹ̀. Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé ilé ìyá akọ̀wé yẹn wà létí odò náà. Lọ́jọ́ kejì, ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín ló wà lókè pátápátá. Ọ̀gá fi bírò kọ ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ wo ibẹ̀ kíákíá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, katakátá ti dé etí odò.

Bàbá sọ ìtàn yìí fún ará ilé kejì wa. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin tó wá tún bọ́ílà ṣe. Ó sọ ọ́ fún àwọn méjì tó wá wàásù lẹ́nu ọ̀nà wa, tó fi jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń wá bí wọ́n ṣe máa dágbére. Bákan náà ló máa ń parí rẹ̀ nígbà gbogbo: "Ẹ rò pé ìmọ̀ ló gbé ìwé yẹn dé òkè? Ẹni tí ilé ìyá rẹ̀ wà létí odò ló gbé e."

Ó kó àwọn àṣà kan bọ̀ láti ibẹ̀. Ó ní tí ìwé bá ń yí ká láàárín àwọn ọ̀gá, orúkọ gbogbo wọn á wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá ti kà á á sì fi bírò fa òbìrìkìtì yí orúkọ tirẹ̀ ká. Òbìrìkìtì yẹn ń sọ pé mo ti rí i. Kò sọ pé mo gbà, kò sì sọ pé mo kọ̀. Bàbá fẹ́ràn nǹkan yìí púpọ̀. Kò sí ìwé tó wọ ilé wa tí kò fa òbìrìkìtì sí: bíìlì iná, ìwé ìkésíni sí ìgbéyàwó, ìwé tí wọ́n fi polówó písà. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, olùkọ́ mi kan, obìnrin ará Finglas, àdúgbò mìíràn ní Dublin, tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èsì ìdánwò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti fi bírò pupa fa òbìrìkìtì yí orúkọ mi ká, ó sì ti kọ nǹkan ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ máàkì ìṣirò mi, máàkì tí kò ṣeé fi hàn èèyàn. Olùkọ́ ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní bàbá mi àgbà ló kọ ọ́, pé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Ẹ túbọ̀ ṣe ìwádìí." Ó wò mí títí, ó wá bi mí bóyá ìjọba ni bàbá mi àgbà ń ṣiṣẹ́ fún. Mo délé, mo sọ fún un. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Sọ fún un pé mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kàwé."

Mọ́mì mi, Fúnmiláyọ̀, ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Nọ́ọ̀sì ni, òun sì ni ìjọba ilé wa. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kíláàsì wa fẹ́ lọ sí Párís fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé Mọ́mì á kọ̀, ni mo bá lọ bá Bàbá. Ó fi gíláàsì sójú, ó fa bébà sọ́dọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ bá ọ̀gá, àṣẹ ló ń pa fún un. Mẹ́ta ni kó o gbé lọ. Èyí tó o fẹ́, fi sí àárín." Bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn. A kọ́kọ́ yin Mọ́mì fún iṣẹ́ takuntakun tó ń ṣe lórí ìlera ará ìlú. Lẹ́yìn náà la to ọ̀nà mẹ́ta tó wà nílẹ̀: ìkíní, kí n má lọ rárá, kí n sì jókòó sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí Mọ́mì bá wà ní ọ́ọ̀fù; ìkejì, kí n lọ fún ọjọ́ mẹ́rin; ìkẹta, kí n lọ, kí n sì dúró sọ́hùn-ún títí ọlidé fi máa parí.

Mọ́mì ka ìwé náà lórí ìdúró ní kíṣìnì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó kà á tán, ó mú bírò, ó fa òbìrìkìtì yí orúkọ ara rẹ̀ ká, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Sọ fún bàbá mi pé irú ìwé yìí kan náà ló bá mi kọ sí ìyá mi nígbà tí ilé ìwé wa fẹ́ lọ sí Àbújá. Ìkíní ni ìyá mi mú. Èmi náà, ìkíní ni mo mú." Mo gbé omijé lọ bá Bàbá ní pálọ̀. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ó ń tú omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀pù. "Ìmọ̀ràn wa dé òkè. Pé kí ọ̀gá gbà á, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ wa."

Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í gba ìmọ̀ràn. Dókítà ní kó yé jẹ iyọ̀. Mọ́mì gbé iyọ̀ pamọ́ sínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù wa tó ga jù. Bàbá lọ ra tirẹ̀ ní Parnell Street láàárín ìgboro, ó tọ́jú ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n jà sí i títí ó fi sú Mọ́mì. Níkẹyìn, Mọ́mì jókòó, ó kọ ojú ewé kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Bàbá wa ọ̀wọ́n, ẹni tí gbogbo odò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ dunjú." Ó sọ ewu tó wà níbẹ̀ ní ìlà méjì, ó to ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀, ó fi èyí tó fẹ́ sí àárín: kó máa jẹ ìwọ̀nba iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bàbá gba ìwé náà, ó kà á tìyanu-tìyanu. Mo rí i pé ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà kọ ọ́ dùn mọ́ ọn nínú. Ó fa òbìrìkìtì sí i. Ó ní ní Ṣáínà, tí ọ̀rọ̀ bá le, àwọn ọ̀gá kì í gbà á fún gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò ní àgbègbè kan. Àgbègbè tí Bàbá yàn ni ẹyin. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi iyọ̀ sí ẹyin mọ́. Iyọ̀ tó wà nínú ìyókù oúnjẹ wà bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún kan, Mọ́mì bi í pé ibo lọ̀rọ̀ dé. Ó mi orí bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ìlú. "Èsì tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹyin wá kò tíì yanjú."

Mo ń rò pé eré ni gbogbo èyí fún un, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń rìn létí kánáàlì, odò tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́, ní Clonsilla nítòsí ilé wa. Mo ti wọ yunifásítì nígbà yẹn. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi náà ti ga. Bàbá dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ bèbè. Láìjẹ́ pé mo bi í, ó sọ fún mi pé kí òun tó lọ sí Ṣáínà, wọ́n rán òun lọ wo ìsédò kékeré kan ní abúlé kan. Ó rí omi tó ń yọ́ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó padà dé ọ́fíìsì, ó kọ ogójì ojú ewé, pẹ̀lú àwòrán, pẹ̀lú ìṣirò, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ń múra àtilọ sí ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo bó ṣe nípọn tó, ó fi í sínú dúróà pé òun á kà á tí òun bá dé. Òjò ló kọ́kọ́ dé. Èèyàn mẹ́ta bá omi lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tó fún Bàbá ní iṣu sísun jẹ lọ́jọ́ tó ń wọn ilẹ̀ níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀bi yín kọ́, Bàbá. Ọ̀gá yín ni kò kà á."

Ó ní ohun tí gbogbo èèyàn sọ fún òun nìyẹn. Ó ní nígbà tí òun dé Ṣáínà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn yòókù ní ìsédò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lín ni òun ń tẹ̀ lé kiri, tí òun ń bi í pé báwo ni ìwé rẹ̀ ṣe di kíkà. A rìn díẹ̀ sí i. Kò wo ojú mi nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Ogójì ojú ewé. Ta ló máa ka ogójì ojú ewé? Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ̀wé ni."

Ọ̀rọ̀ Finglas ló kù, òun sì ni ohun tó ṣe tí mo fi ń kọ ìwé yìí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń yá gbọ̀ngàn ilé ìwé lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún kan, wọ́n rí ilé ńlá kan ní Finglas, láàárín àwọn iléeṣẹ́, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìjọ yọ̀. Wọ́n mú wa lọ wò ó. Òkè á jẹ́ ibi ìjọsìn, yàrá kan nísàlẹ̀, tí èèyàn máa sọ àtẹ̀gùn mẹ́fà kalẹ̀ kó tó dé, á jẹ́ yàrá àwọn ọmọdé. Nígbà tí àwọn yòókù ń gbàdúrà lókè, Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó tẹ̀ sí ògiri, ó fọwọ́ pa á. Wọ́n ti kun ògiri náà ní funfun, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ dé orúnkún nìkan ni ọ̀dà náà jẹ́ tuntun. Lókè ibẹ̀, ọ̀dà àtijọ́ ni. Ó jáde sẹ́yìn ilé, ó rí odò kékeré kan tí wọ́n ti rì mọ́ inú páìpù tó gba abẹ́ ọgbà kọjá. Ó wo ẹnu páìpù yẹn títí. Lọ́nà ilé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kó ti mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà á. Ojú ewé mẹ́rìnlá ló kọ. Ó gbé e fún Sístà Bùkọ́lá, akọ̀wé ìjọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ Sístà Bùkọ́lá bó ṣe yẹ. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Adégòkè tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, òun àti Bàbá sì ti jọ ń fà á bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ọ́fíìsì Gbogboogbò" ni Bàbá ń pè é lẹ́yìn, orúkọ ọ́fíìsì tó ń yan ìwé fún àwọn ọ̀gá ní Ṣáínà. Sístà Bùkọ́lá wo ojú ewé mẹ́rìnlá, ó ní òun á fún Pásítọ̀. Ó sì tún jẹ́ ẹni tí kì í fi bébà ṣòfò. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a dìde láti kọrin, a gba ìwé orin lọ́wọ́ àwọn aṣọ́nà. Bàbá yí tirẹ̀ padà. Àwòrán páìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn, ojú ewé kẹsàn-án. Ojú ewé kẹrin ló wà lẹ́yìn tèmi. Ìwádìí Bàbá ti fọ́n káàkiri ọwọ́ ìjọ, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọrin ìyìn, kò sì sí ẹlòmíràn tó yí i padà. Mọ́mì fẹ́ dìde lọ bá Sístà Bùkọ́lá. Bàbá dì í lọ́wọ́ mú. "Jókòó. Ó kéré tán, wọ́n ti pín in."

Ó padà sílé, ó gé e sí ojú ewé kan. Sístà Bùkọ́lá ka ìyẹn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí Bàbá ti yìn ín nínú ìlà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ń rìnrìn-àjò, ó wá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ní gbólóhùn kan: "Bàbá Ọláyíwọlá ti lọ wo ilé náà, wọ́n ní omi pọ̀ níbẹ̀." Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ gun orí pẹpẹ, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó ní kí Bàbá dìde. Ó ní, "Bàbá wa yìí, ẹnjiníà àgbà ni wọ́n. Wọ́n ti lọ wo ilé tuntun wa. Wọ́n sì sọ fún wa pé omi pọ̀ níbẹ̀. Mo ní omi ìyè máa ṣàn nínú ilé yẹn." Ìjọ ṣe Àmín, wọ́n tún un ṣe nígbà mẹ́ta. Bàbá wà lórí ìdúró láàárín wọn, ó ń mi orí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Èmi àti Mọ́mì ń wo bàtà wa.

Lẹ́yìn ìsìn, ó gbìyànjú láti bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Pásítọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ omi yẹn wọ̀ mí lára." Àwọn mìíràn ti tò sẹ́yìn Bàbá, wọ́n rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú mọ́tò, Mọ́mì kò lè wakọ̀ torí ẹ̀rín. Bàbá jókòó sẹ́yìn, ó ń ronú. "Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, 'omi' dé òkè. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré."

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ilé náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá ní kí n bá òun lọ gẹrun ní Parnell Street. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí irun tó wà lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. A wọ bọ́ọ̀sì, a dé ṣọ́ọ̀bù Sẹ́gun, onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun fún ìdajì àwọn ọkùnrin ìjọ wa. Bàbá jókòó sórí àga. Sẹ́gun wo orí rẹ̀ yí ká.

"Bàbá, èwo ni kí n gẹ níbẹ̀, sà?"

"Gẹ èyí tó bá wù ọ́. Ọmọ rẹ obìnrin ti pé ọdún mélòó báyìí?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ní ilé tuntun yìí, o ti dé yàrá tí wọ́n máa kó wọn sí?"

Sẹ́gun ní òun kò tíì débẹ̀. Bàbá wá sọ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nípa àtẹ̀gùn mẹ́fà, nípa páìpù ẹ̀yìn ilé, nípa ọ̀dà. Ẹ̀rọ ìgẹrun ń dún lọ́wọ́ Sẹ́gun, ṣùgbọ́n kò gẹ nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí Bàbá ń ṣe: ó ti rí ẹni tí ilé ìyá rẹ̀ wà létí odò.

Sẹ́gun ní, "Pásítọ̀ ń bọ̀ wá gẹrun lọ́la. Màá sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn."

"Rárá. Tó o bá sọ gbogbo ẹ̀, ìwọ àti èmi la máa jọ di ọ̀tá ìlọsíwájú. Ìbéèrè kan ni kó o bi wọ́n: kí ló dé tí ọ̀dà tuntun ògiri yàrá ìsàlẹ̀ kò kọjá orúnkún?"

"Ìyẹn nìkan, sà?"

"Ìyẹn nìkan. Má fi kún un."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí Sẹ́gun ṣàlàyé tán. Ó ń fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ti tutù. "Ọ̀gá kì í fẹ́ ìdáhùn tí ẹlòmíràn rí. Fún un ní ìbéèrè, kó lọ rí i fúnra rẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó yá. Ó kúrò ní ilé onígbàjámọ̀, ó wakọ̀ lọ sí Finglas nínú òjò, òun nìkan. Ó wo ògiri. Ó jáde, ó bi mẹkáníìkì tó wà ní ilé ẹ̀gbẹ́, ọkùnrin kan tí ó jókòó tó ń jẹun, pé ṣé omi máa ń wọ ilé yìí. Mẹkáníìkì náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń kún bí ọdún méjì-méjì nígbà òtútù. "Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyẹn, ó grand, kò sí wàhálà." Ní Mọ́ńdè, Pásítọ̀ pe ìpàdé àwọn àgbà. Wọn kò fọwọ́ sí ìwé náà mọ́.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, òjò ńlá rọ̀ ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan. A wà ní gbọ̀ngàn ilé ìwé wa àtijọ́, a ń jọ́sìn. Lọ́jọ́ kejì, Pásítọ̀ tún lọ wo ilé Finglas tí ó ṣì ṣófo. Omi inú yàrá ìsàlẹ̀ ga ju orúnkún àgbà lọ, ìyẹn ni pé ó ga dé àyà ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í han gbogbo ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ẹ̀mí ló bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, kí ló dé tí ọ̀dà tuntun ògiri yàrá ìsàlẹ̀ kò kọjá orúnkún?" Ọ̀rọ̀ Bàbá ni, láìyẹ̀ ẹyọ kan. Mo yíjú sí Sẹ́gun. Sẹ́gun ń wo òrùlé. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣe Àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ròkè ju ti gbogbo ìjọ lọ. Bàbá ni. Nígbà tí a délé, mo bi í bóyá kò dùn ún. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. "Ìmọ̀ràn tó bá ti dé òkè, kò ní bàbá mọ́."

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, Sístà Bùkọ́lá wá sílé wa. Ó ti wá ìwé orin àtijọ́ jọ láti inú báàgì rẹ̀ àti ti àwọn ará ìjọ, ó ti to ojú ewé Bàbá pọ̀, mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá ló rí. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti wá kà á, sà." Bàbá ní kó dìde, ó bu omi gbígbóná fún un. Ó gba àwọn ìwé náà, ó fa gègé rẹ̀ yọ, ó kọ orúkọ Sístà Bùkọ́lá sókè, ó sì fa òbìrìkìtì yí i ká. Ìjà wọn parí lọ́jọ́ náà, ó kéré tán fún bí oṣù méjì. Bàbá ní, "Ọ́fíìsì Gbogboogbò tó bá ka ìwé tán, orílẹ̀-èdè ti bọ́."

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin Bàbá, Pásítọ̀ Adégòkè wá sí ilé wa ní Ongar lọ́sàn-án, láìmú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ó jókòó sí kíṣìnì, ó ń mu tíì. Mọ́mì ń fọ abọ́. Pásítọ̀ wá sọ ohun tó gbé e wá.

"Ọjọ́ yẹn gan-an ni Sẹ́gun sọ fún mi. Ó bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo dákẹ́. Ó wá ní, 'Bàbá Ọláyíwọlá ló ní kí n bi yín o, sà.' Mo mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ sì ní Ẹ̀mí ni, sà."

Kò bínú. Ó ní, "Ká ní mo dárúkọ Bàbá ni, gbogbo ẹni tó bá ní èrò lọ́kàn ni ì bá máa wá dúró dè mí ní ilé onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá ṣe é. Wọ́n ti wá lọ, wọ́n lọ láìmọ̀ pé mo mọ̀. Òun ló ń jẹ mí lọ́kàn."

Mọ́mì kò yíjú padà, ṣùgbọ́n mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tó yíjú, ẹ̀rín ni, omijé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Pásítọ̀, ta lẹ rò pé ó ní kí Sẹ́gun sọ fún yín?"

Mọ́mì nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn, orí àga tí ẹ jókòó sí yẹn ni Bàbá ti pe Sẹ́gun lórí fóònù. Wọ́n ní kó bi yín tán, kó dúró títí ẹ máa fi dákẹ́, kó wá dárúkọ àwọn. Wọ́n ní ìbéèrè tí kò ní orúkọ, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ẹ̀ jáde sínú òjò. Wọ́n tún sọ fún mi pé tó bá yọrí sí rere, ẹ máa sọ pé Ẹ̀mí ni. Wọ́n ní kí n má bínú sí yín, kí n sáà bá àwọn ṣe Àmín."

Pásítọ̀ gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì tètè gbé e padà sójú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Àmín," ló sọ.